Awò àti Ohun tí Ojú Kò Tó: Ìtàn Awò Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú Ìwádìí Sẹ́ẹ̀lì Jẹjẹrẹ, láti Ìbàdàn dé Galadimawa

1.0 Ìfáàrà

Orúkọ tí Yorùbá ń pe àrùn jẹjẹrẹ dún létí bí ohun tí ó ń jẹ tí ó sì tún ń jẹ. Ibi tí ó jẹ dé ni ojú máa ń rí. Ẹnu tí ó fi ń jẹ ẹ́ pamọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí fún oníṣègùn ìbílẹ̀ ni ó ṣe rí fún dókítà òyìnbó. Wọ́n rí egbò, wọ́n rí kókó, wọ́n rí bí aláìsàn ṣe ń rù, ṣùgbọ́n wọn kò rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó yí padà di ọ̀tá ara tí ó bí i. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara gbogbo ohun abẹ̀mí, bí a ṣe ń fi bíríkì mọ ilé.

Èròǹgbà wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti tọpasẹ̀ ìtàn awò kan tí ó gbé ojú ẹ̀dá dé inú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, èyí tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní maikirosikóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó máa pè é ní awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. A ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Berlin níbi tí wọ́n ti ṣe é. A ó kọjá sí Kampala, London àti Ìbàdàn, níbi tí àrùn àwọn ọmọ Áfíríkà ti sọ awò náà di olókìkí nínú ìwádìí jẹjẹrẹ. A ó sì gúnlẹ̀ sí Galadimawa ní Àbújá, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ti ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí. Ohun tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé awò kì í dá ríran. Ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ fi ojú lásán rí ibi tí ó yẹ kí a wò. Ẹlòmíràn ní láti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kí a lè wò ó. Ìtàn tí ó bá dárúkọ ẹni tí ó wo inú awò nìkan, tí ó sì gbàgbé àwọn yòókù, ìtàn àbọ̀ ni.

2.0 Bí Awò Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù Ṣe Bẹ̀rẹ̀ àti Bí Ó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Kí awò yìí tó dé, awò onímọ́lẹ̀ ni gbogbo ilé ìwòsàn ń lò. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ìmọ́lẹ̀ kò lè ya ohun méjì tí ó sún mọ́ ara wọn ju nǹkan bí 200 nánómítà lọ sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000,000, ìpín kan ṣoṣo ni nánómítà kan. Púpọ̀ nínú àwọn fáírọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó kéré jù lọ, kò tó ìwọ̀n yìí. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ fi awò onímọ́lẹ̀ tí ó dára jù lọ wò wọ́n, a kò ní rí wọn.

Ní ọdún 1931, ní Berlin, Ernst Ruska àti Max Knoll ṣe awò kan tí kò lo ìmọ́lẹ̀. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn ẹyọ tí ń gbé iná mànàmáná rìn, ni wọ́n rán la ohun tí wọ́n fẹ́ wò kọjá. Dípò gíláàsì, òòfà oníná ni wọ́n fi ń kó wọn jọ sójú kan. Nígbà tí ó fi di 1933, Ruska ti ṣe èyí tí agbára rẹ̀ kọjá ti awò onímọ́lẹ̀. Ẹ̀bùn Nobel tí ó tọ́ sí i kò dé ọwọ́ rẹ̀ títí di ọdún 1986, nígbà tí ó ti di arúgbó ẹni 79 ọdún.

Awò yìí ń béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó. A gbọ́dọ̀ fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, nítorí pé afẹ́fẹ́ yóò da ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rú. Ohun abẹ̀mí kò lè yè níbẹ̀. Nítorí náà, ẹran ara tí a fẹ́ wò ní láti kú ná. A ó fi kẹ́míkà gan an kí ó má baà bàjẹ́, a ó fi ọtí fa omi ara rẹ̀ gbẹ, a ó rì í sínú oje tí yóò le bí òkúta, a ó sì fi ọ̀bẹ gíláàsì tàbí ti dáyámọ́ńdì rẹ́ ẹ tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ìnípọn rẹ̀ kì í sábà ju 100 nánómítà lọ. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi àwọn èròjà wíwúwo bí òjé pa á láró. Níbi tí èròjà wíwúwo bá wà, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò ní lè kọjá, ibẹ̀ yóò sì dúdú nínú àwòrán. Òjìji ni a ń wò, kì í ṣe àwọ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn olùwádìí jẹjẹrẹ fi fà á mọ́ra. Ní 1945, Keith Porter, Albert Claude àti Ernest Fullam tẹ àwòrán odidi sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi awò yìí yà jáde ní Amẹ́ríkà. Ní 1947, Claude àti Porter pẹ̀lú Edward Pickels tẹ èyí tí wọ́n yà láti ara sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ adìyẹ jáde. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ṣàdédé mú adìyẹ. Láti 1911 ni Peyton Rous ti fi hàn pé ohun kan tí ó kéré ju kòkòrò bakitéríà lọ lè gbé jẹjẹrẹ láti ara adìyẹ kan dé ara òmíràn. Ìbéèrè tí ó wá wà nílẹ̀ ni pé: ǹjẹ́ fáírọ́ọ̀sì lè fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn náà? Áfíríkà ni ìdáhùn ti wá.

3.0 Ojú Lásán ni Ó Kọ́kọ́ Rí I

Ní ọdún 1957, wọ́n pe Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, pé kí ó wá wo ọmọdékùnrin kan. Àgbọ̀n ọmọ náà wú ní òkè àti ní ìsàlẹ̀, ní ọ̀tún àti ní òsì. Láìpẹ́, ó rí ọmọ mìíràn tí ó ní irú rẹ̀, tí ikùn rẹ̀ sì tún wú. Burkitt yẹ ìwé àwọn aláìsàn wò, ó sì rí i pé àrùn kan náà ni ọ̀pọ̀ dókítà ti ń pè ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 1958, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1961, òun pẹ̀lú àwọn dókítà méjì, Ted Williams àti Clifford Nelson, wọ ọkọ̀, wọ́n sì rin ìrìn-àjò nǹkan bí 10,000 máìlì láti Uganda dé gúúsù Áfíríkà, wọ́n ń bèèrè láti ilé ìwòsàn dé ilé ìwòsàn. Ohun tí wọ́n rí ni pé ibi tí ooru àti òjò bá pọ̀ ni àrùn náà ń gbé. Ní orí òkè tí ó tutù, ó ṣọ̀wọ́n.

Ìbàdàn bá àpèjúwe yìí mu rẹ́gí. Ọdún 1957 náà ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UCH. Ní 1960, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ àwọn aláàrùn jẹjẹrẹ níbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n G. M. Edington sì wà lára àwọn tí ó gbé iṣẹ́ náà ró. Nígbà tí òun àti Catherine Maclean tẹ àbájáde 1960 sí 1963 jáde ní 1965, ayé rí iye aláàrùn jẹjẹrẹ nínú ìlú Yorùbá kan ní kíkà. Nínú jẹjẹrẹ àwọn ọmọdé Ìbàdàn, èyí tí Burkitt ṣàpèjúwe ni ó gba iwájú.

Kí á má ṣe jẹ́ kí ìṣirò mú wa gbàgbé ohun tí àrùn náà jẹ́. Ó wà lára àwọn jẹjẹrẹ tí ó ń yára dàgbà jù lọ. Kókó náà lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ìyá tí ó rí i pé eyín ọmọ òun ń mì ní ọ̀sẹ̀ yìí lè máa wo ojú tí ó ti ń yọ síta ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Síbẹ̀, bí ó ṣe ń yára dàgbà náà ni oògùn ṣe ń yára mú un. V. Anomah Ngu, ọmọ ilẹ̀ Cameroon tí ó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tí ó fi oògùn wo àwọn ọmọ yìí, tí àwọn kan nínú wọn sì yè. Ní 1972, a pín ẹ̀bùn Lasker fún òun, Burkitt àti àwọn mìíràn nítorí iṣẹ́ yìí. Láti inú wọ́ọ̀dù ni ìmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti inú awò.

4.0 Ọjọ́ tí Awò Rí Fáírọ́ọ̀sì

Ní ọjọ́ 22 oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1961, Burkitt sọ̀rọ̀ ní ilé ìwòsàn Middlesex ní London. Anthony Epstein wà lára àwọn olùgbọ́. Epstein ti ń fi awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wo fáírọ́ọ̀sì inú jẹjẹrẹ adìyẹ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ pé ojú ọjọ́ ni ó ń pín àrùn yìí káàkiri, ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohun tí kòkòrò bí ẹ̀fọn lè máa gbé kiri ni, ó sì lè jẹ́ fáírọ́ọ̀sì. Ọ̀nà tí ó gbà rò ó kò tọ̀nà tán, nítorí pé itọ́ ẹnu ni fáírọ́ọ̀sì náà ń bá rìn. Ṣùgbọ́n ìrònú náà mú un dé ibi tí ó yẹ.

Láti Kampala ni wọ́n ti ń fi bàálù kó ègé kókó àwọn ọmọ aláìsàn ránṣẹ́ sí London. Fún nǹkan bí ọdún méjì, Epstein wò ó títí, kò rí nǹkan kan. Ní ọjọ́ 5 oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1963, kùrukùru bo London, bàálù tí ó gbé ẹrù náà sì lọ balẹ̀ sí Manchester. Nígbà tí ègé náà fi dé yàrá ìwádìí, omi inú ìgò ti ṣú. Ẹlòmíràn ìbá ti dà á nù pé ó ti bàjẹ́. Epstein kán díẹ̀ nínú rẹ̀ sábẹ́ awò onímọ́lẹ̀, ó sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì alààyè tí ó já kúrò lára kókó náà ni ó mú omi ṣú. Òun àti Yvonne Barr, ọmọ Ireland, ni wọ́n jọ gbin sẹ́ẹ̀lì náà, tí ó sì ń pọ̀ sí i nínú ìgò. Bert Achong, ọmọ Trinidad, ni ó bá a ṣe iṣẹ́ awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Èrèlé, ọdún 1964, Epstein gbé díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbìn náà sínú awò. Ojú ibi tí ó kọ́kọ́ wò gan-an ni fáírọ́ọ̀sì wà, tí ìrísí rẹ̀ jọ ti ẹbí herpes. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ròyìn lẹ́yìn náà, ẹ̀rù bà á pé kí iná ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù má jó ohun tí òun rí dànù; ó pa awò náà, ó sì jáde lọ rìn nínú yìnyín láìwọ kóòtù, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún náà, àkọsílẹ̀ Epstein, Achong àti Barr jáde nínú The Lancet. Ní Philadelphia, Werner àti Gertrude Henle fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé fáírọ́ọ̀sì tuntun ni. Orúkọ Epstein àti ti Barr ni a fi ń pè é títí di òní. Orúkọ Achong, tí ó wà lára àwọn tí ó fi awò wò ó, kò sí níbẹ̀.

5.0 Sẹ́ẹ̀lì Ọmọ Nàìjíríà tí Awò Wò tí Kò Rí Nǹkan

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ti parí ìtàn yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé wa. Nínú The Lancet oṣù Èrèlé 1964 kan náà tí Epstein àti Barr ti kéde pé àwọn gbin sẹ́ẹ̀lì, R. J. V. Pulvertaft, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ìrísí àrùn, kọ nípa sẹ́ẹ̀lì irú kókó yìí bákan náà. Ní 1963, ó ti gbin sẹ́ẹ̀lì láti ara àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó ní àrùn yìí. Àwọn méjì nínú ìran sẹ́ẹ̀lì náà di olókìkí. Orúkọ tí a fi ń pe wọ́n ní yàrá ìwádìí ni Raji àti Jijoye. Kò sí Yorùbá kan tí yóò ka orúkọ méjèèjì tí kò ní dúró díẹ̀.

Raji wá láti ara ọmọkùnrin ẹni ọdún 11, láti inú egungun àgbọ̀n òkè apá òsì. Jijoye wá láti ara ọmọkùnrin ẹni ọdún 7. Ìran sẹ́ẹ̀lì Raji wà lára àwọn àkọ́kọ́ láti inú ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí ó ń pọ̀ sí i láìdúró nínú ìgò.

Nígbà tí wọ́n fi awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wo Raji, wọn kò rí fáírọ́ọ̀sì kankan. Bí ó bá jẹ́ pé awò nìkan ni ẹlẹ́rìí, à bá ti dájọ́ pé fáírọ́ọ̀sì kò mọ ohunkóhun nípa jẹjẹrẹ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní 1970, ní Jámánì, Harald zur Hausen àti Heinrich Schulte-Holthausen lo ọ̀nà mìíràn. Dípò kí wọ́n wá ara fáírọ́ọ̀sì, DNA rẹ̀ ni wọ́n wá, ìyẹn àkọsílẹ̀ àjogúnbá tí ó wà nínú ohun abẹ̀mí. Inú sẹ́ẹ̀lì Raji tí wọ́n ti pè ní aláìní-fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n ti rí i. Fáírọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀ ni, ó sì wọ inú ilé lọ jókòó. Ẹ̀wù ni awò lè rí. Èyí ni ó sì ṣàlàyé ìdí tí Epstein fi wò fún ọdún méjì tí kò rí nǹkan nínú ègé kókó tí ó ti inú ara wá tààrà: nínú ara ọmọ, fáírọ́ọ̀sì ń sá pamọ́, nínú ìgò ni ó ti ń jáde. Zur Hausen tẹ̀lé ọ̀nà yìí títí ó fi rí fáírọ́ọ̀sì tí ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008.

Ti Jijoye yàtọ̀. Láti inú rẹ̀ ni Yorio Hinuma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti mú ẹ̀ka kan jáde ní 1967, tí wọ́n ń pè ní P3HR-1, èyí tí ó ń pèsè fáírọ́ọ̀sì fún ìwádìí. Ọ̀kan fi hàn, èkejì fi pamọ́. Àwọn méjèèjì ni ó sì kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn èyí, àyẹ̀wò tí Guy de-Thé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún nǹkan bí 42,000 ọmọ ní Uganda, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1978, mú kí ìbátan fáírọ́ọ̀sì náà pẹ̀lú àrùn yìí túbọ̀ dájú. Ní 1997, àjọ àgbáyé tí ó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ kà á mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ó sì ti hàn pé ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ń ràn án lọ́wọ́, èyí tí ó jẹ́ ká mọ ìdí tí ojú ọjọ́ fi kan ọ̀rọ̀ náà.

Títí di òní, sẹ́ẹ̀lì Raji wà nínú fìríìjì àwọn yàrá ìwádìí káàkiri ayé, wọ́n sì ń fi dán oògùn jẹjẹrẹ wò. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà. Henrietta Lacks ni wọ́n gba sẹ́ẹ̀lì lára rẹ̀ ní Baltimore ní 1951 láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ní 2023, ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń ta sẹ́ẹ̀lì náà ṣe àdéhùn ìlàjà pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Ayé ti kọ ìwé nípa Lacks. Ní ti ọmọ tí Raji ti ara rẹ̀ wá, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, orílẹ̀-èdè àti ibi tí kókó wà lára ni ìwé àkójọ sẹ́ẹ̀lì ń sọ. Lójú Yorùbá, ìyẹn kò tó fi mọ ènìyàn. Ènìyàn ní oríkì, ó ní ilé, ó ní ẹni tí ó pọ̀n ọ́n.

6.0 Galadimawa

Ohun tí a ti sọ títí di ibi yìí fi hàn pé láti ọ̀dọ̀ wa ni sẹ́ẹ̀lì ti lọ, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni awò wà. Ìdí nìyí tí Galadimawa fi ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí. Àdúgbò ni Galadimawa jẹ́ ní Àbújá, ní ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú. Ibẹ̀ ni yunifásítì tí a mọ̀ sí AUST, ìyẹn yunifásítì Áfíríkà fún sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, wà. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2007 láti kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní ìmọ̀ gíga lórí ilẹ̀ Áfíríkà, kí wọ́n má baà ní láti wá gbogbo rẹ̀ lọ sí òkèèrè.

Láàárín 2012 àti 2014, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soboyejo ni ó ṣe olórí ibẹ̀. Kí ó tó débẹ̀, ó ti wà ní yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà, níbi tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìwádìí kan lórí jẹjẹrẹ ọmú, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006. Wọ́n ṣe hóró irin tín-ín-rín, wọ́n so ó mọ́ èròjà kan tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń gbà mọ́ra, wọ́n sì fún àwọn eku tí ó ní jẹjẹrẹ. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ bóyá irin náà wọ inú sẹ́ẹ̀lì? A ti sọ ṣáájú pé ohun wíwúwo ń dúdú nínú awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Irin wúwo. Àmì dúdú tí wọ́n rí nínú sẹ́ẹ̀lì ni ẹ̀rí. Iṣẹ́ awò ti yí padà níhìn-ín: ní 1964, ọ̀daràn ni wọ́n fi ń wá, ní 2006, wọ́n fi ń wò bóyá ìránṣẹ́ tí a rán dé ibi tí a rán an.

Ní Àbújá, àwọn olùwádìí láti AUST àti láti ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí ó wà ní Sheda, tí a mọ̀ sí SHESTCO, mú ọ̀nà tí ó jọ èyí. Prodigiosin ni wọ́n lò, ìyẹn aró pupa tí bakitéríà kan tí ń jẹ́ Serratia marcescens máa ń pèsè, tí a sì ti rí i pé ó lè pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo ìwádìí. Wọ́n dì í sínú hóró kéékèèké kí ó lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Irú awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kejì, tí kì í la inú ohun kọjá ṣùgbọ́n tí ń rá ojú rẹ̀ bí ọwọ́ afọ́jú, ni ó wúlò fún wíwo bí ojú hóró bẹ́ẹ̀ ṣe rí. Iṣẹ́ náà kò tíì di oògùn tí a lè rà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ti Àbújá wá, orúkọ àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lórí ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde.

7.0 Àsọkágbá

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe iṣẹ́ ńlá nínú ìwádìí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, àti pé kò dá a ṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ojú Burkitt rí àgbọ̀n tí ó wú, kò lè rí fáírọ́ọ̀sì. Awò Epstein rí fáírọ́ọ̀sì nínú ìgò, kò lè rí i nígbà tí ó bọ́ ẹ̀wù. Ọ̀nà zur Hausen rí i láìsí ẹ̀wù, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ọmọ Nàìjíríà ni ó fi rí i.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó kù fún wa. Èkínní kan àwọn tí ń kọ ìtàn sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá. Bí a bá ń ka Berlin, London àti Würzburg, a gbọ́dọ̀ ka Ìbàdàn mọ́ wọn, kì í ṣe bí ẹni tí ń tọrọ àyè, bí kò ṣe nítorí pé ìtàn náà kò pé láìsí i. Èkejì kan àwọn ilé ẹ̀kọ́ bí ti Galadimawa. Awò wọ́n lówó, iná tí kò dúró sì máa ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí kò bá ní ojú tirẹ̀ yóò máa fi ara ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ fún ẹlòmíràn láti wò. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọmọ ọdún 11 tí ó ru kókó yẹn lágbọ̀n kò mọ̀ pé òun ń kọ́ ayé ní ohunkóhun. Àwa tí a wá mọ̀ ni ó kù sí lọ́wọ́ láti sọ ọ́, ní èdè tí ilé rẹ̀ yóò gbọ́.